Bí mo ṣe kó iṣẹ́ Àǹtí mi kúrò lórí díìsìkì tó ń kú lọ

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí mi pè mí. Wọn ò béèrè àlàáfíà mi kí wọ́n tó wọnú ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe báyẹn. "Laptop mi ò bọ́ọ̀tù mọ́ o. Nǹkan róbótó yẹn ń yí, ó ń yí, kò sì wọlé."

Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo ní kí ni wọ́n ti ṣe sí i láti ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Wọ́n ti pa á, wọ́n ti tún un tàn, ó tó ìgbà ogún. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn tún ti bá wọn fi chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ díìsìkì wò tó sì ń tún un ṣe, sí i lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti dúró sójú kan, kò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn. Ni wọ́n bá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí tó fi kú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ṣájà rẹ̀. Ẹ má tàn án mọ́ rárá. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ má tàn án láti fi hàn mí."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ ṣáà má tàn án."

Mi ò fẹ́ kó wọn láyà sókè ni mi ò ṣe ṣàlàyé lórí fóònù. Díìsìkì inú laptop ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí irú tiwọn kì í ṣe ohun tó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tíńtín kan sì ń léfòó lókè àwo náà láti ka ohun tó wà lára rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín orí àti àwo kéré débi pé fọ́nrán irun kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Tí ojú àwo bá ti ń bó, tàbí tí orí yẹn bá ti ń rẹ̀, díìsìkì á máa gbìyànjú láti ka ojú kan náà lákàtúnkà, á máa fi ara rẹ̀ gbolẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń wo irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ bí owó tó ṣẹ́ kù lápò. Gbogbo ìṣẹ́jú tí iná bá fi wà lára rẹ̀, a ń ná an ni. Bíbọ́ọ̀tù lásán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ni ẹ̀rọ ń kà níbẹ̀, ó sì tún ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. Àǹtí mi ti ná an nígbà ogún, chkdsk sì ti ná an mọ́jú.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e dé. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ní kí wọ́n sọ fún mi, láìṣe gbogbo rẹ̀, ohun tí wọn ò lè ṣe aláìní. Wọ́n ní méjì ni: iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ti ń kọ láti ọdún mẹ́ta, àti fọ́tò ọmọ wọn láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Ibòmíràn wo ni wọ́n wà?"

Wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dáadáa, mi ò sì ní kí wọ́n tú u. Wọ́n kàn ní ó wà lórí fíláàṣì kan tẹ́lẹ̀, fíláàṣì náà sì ti sọnù.

Mo tú ìdí laptop náà, mo yọ díìsìkì rẹ̀: 1 TB, ìwọ̀n ínṣì 2.5. Mi ò fi wáyà USB so ó. Tí díìsìkì tó ń ṣàìsàn bá pẹ́ kó tó dáhùn, àwọn wáyà USB yẹn sábà máa ń já ìjíròrò náà kúrò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, díìsìkì á sì máa sáré lọ sáré bọ̀ láìríṣẹ́ ṣe. Ojú SATA, ibi tí a ń ki díìsìkì bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ńlá tèmi, ni mo ki díìsìkì náà bọ̀ tààrà, mo fi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) orí fíláàṣì tan ẹ̀rọ náà, mo sì ti rí i dájú pé Linux yìí kò ní fúnra rẹ̀ ṣí díìsìkì kankan tí mi ò bá pàṣẹ.

Kí n tó tan iná, mo gbé etí lé e. Èyí ni apá tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀rù jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí ìró yẹn ló ń sọ bóyá iṣẹ́ mi ni àbí kì í ṣe iṣẹ́ mi. Tó bá ń dún kọ́! kọ́! kọ́! lọ́nà tó gún régé, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, tó wá dákẹ́, orí rẹ̀ ti kú tàbí ó ti ń kan ibi tí kò yẹ. Mo máa ń pa iná lójú ẹsẹ̀ ni, ó di ọ̀rọ̀ àwọn tó ní yàrá tí eruku kì í wọ̀, tí wọ́n lè ṣí i kí wọ́n pààrọ̀ orí rẹ̀. Àwọn kan á ní kéèyàn gbé e sínú fìrísà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ìrì tó máa sẹ̀ sára àwo nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, òun gan-an ló máa pa á.

Tiwa yìí dún gbùùù, ó yí dáadáa, ó wá ṣe kìrì-kìrì díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún ń bá yíyí lọ. Ojú àwo ló ń ṣàìsàn, orí ṣì ń rìn. Mo wo Àǹtí mi lójú, mo ní: "Mo lè gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ń ṣe é lọ tó kú sí mi lọ́wọ́, ó lè nira fún àwọn tó máa ṣí i láti rí nǹkan púpọ̀ kó. Tàbí kí á gbé e lọ bá wọn báyìí." Wọ́n rò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ìwọ ni kó o ṣe é. Tó bá ti ń dún bí ilẹ̀kùn, kó o pa á." Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn.

Mo kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ ìlera tí díìsìkì ń ṣe nípa ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SMART. Ó kọ PASSED gàdàgbà sókè, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ le koko. Mo ti ṣíwọ́ gbígba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tipẹ́. Ìsàlẹ̀ ni mo ń wò. Nọ́ńbà 5, ìyẹn iye sẹ́kítọ̀ (ègé kéékèèké tí díìsìkì ń kó nǹkan sí) tó ti bàjẹ́ tí díìsìkì ti fi òmíràn dípò, jẹ́ 880. Nọ́ńbà 197, iye èyí tí kò lè kà àmọ́ tó ṣì ń retí, jẹ́ 1,216. Nọ́ńbà 199 tó máa ń fi hàn bóyá wáyà ló ń ṣe wérewère jẹ́ 0, nítorí náà kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, díìsìkì fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Mo tún wò ó bóyá BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, wà lórí rẹ̀, torí bí ó bá wà, a máa nílò kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 kí ẹ̀dà tí mo bá ṣe tó lè wúlò. Kò sí. Mo mí kanlẹ̀.

Ibi tí mo máa dà á sí ni díìsìkì tuntun 2 TB tí mo ti fi ext4 sí, ìyẹn ọ̀nà kan tí Linux fi ń to fáìlì sórí díìsìkì. Tó bá jẹ́ FAT32 ló wà lórí rẹ̀ ni, fáìlì kan kò lè kọjá 4 GB, ẹ̀dà odindi 1 TB kò sì ní wọ̀ ọ́.

Ìrìnṣẹ́ tí mo lò ni GNU ddrescue tí Antonio Diaz Diaz kọ. Kò bìkítà nípa fáìlì tàbí fódà, àwọn sẹ́kítọ̀ nìkan ló mọ̀, 1,953,525,168 ni wọ́n lórí díìsìkì 1 TB bí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí báìtì 512. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí dídà fáìlì kọ lásán ni ọgbọ́n tó fi ń rìn. Tó bá dé ibi tó le, kì í jà, ńṣe ló máa fò ó, á lọ kó gbogbo ibi tó rọrùn ná. Ìgbà tí èyí tó rọrùn bá tán ló ń pa dà wá síbi tó le, á máa gé e ní etí díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe ló ń kọ sínú máàpù kan: ibi tó ti kó ni `+`, ibi tí kò tíì dé ni `?`, ibi tó kà tí kò ṣeé kà ni `-`. Nítorí máàpù yìí, èèyàn lè dá a dúró nígbàkigbà, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kúrò.

`ddrescue -d -n /dev/sdb aunti.img aunti.map`

sdb ni orúkọ tí Linux fún díìsìkì Àǹtí mi. Mo kọ àṣẹ náà sínú ìwé, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì yẹ nọ́ńbà tó wà lára díìsìkì wò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú lsblk, àṣẹ tó ń to orúkọ gbogbo díìsìkì, kí n tó tẹ Enter. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń lọ ní nǹkan bí 90 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó dé nǹkan bí 60 GB, ìṣíṣẹ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ wìì, ó ń rìn bí ìgbín, ó fò, ó tún ń sáré. Mo gbé fáànù kékeré kọjú sí i torí ó ti gbóná dé 51°C, mo sì jókòó tì í.

Ní nǹkan bí aago méjì òru ni nǹkan ṣe. Mo ti ń tòògbé. Ìró kìrì-kìrì yẹn dákẹ́, mo wo ojú ẹ̀rọ, iye ibi tí kò ṣeé kà ń gòkè bí ẹ̀rọ tó ń ka epo bẹntiróòlù: 2 GB, 5 GB, 9 GB, láàárín bí mo ṣe ń ṣẹ́jú. Díìsìkì náà ò bàjẹ́ sí i o, ńṣe ló ti dákú. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, àmọ́ gbogbo ìbéèrè tí ddrescue ń bi í ni ìdáhùn "rárá" ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ddrescue sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú máàpù bí ibi tó le tó fò. Mo tẹ Ctrl+C. Mo pa ẹ̀rọ pátápátá, mo fi sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kó tutù.

Nígbà tí mo tún tàn án, ojú oorun ni mo fi ń ka àṣẹ inú ìwé. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, ìka mi ti wà lórí Enter, kí n tó rántí láti wo lsblk. Orúkọ ti yí pa dà! Díìsìkì Àǹtí mi ti di sda, sdb sì ti di díìsìkì tuntun tí mò ń kó nǹkan sí. Tí mo bá tẹ Enter ni, ddrescue ì bá máa ka díìsìkì tuntun, ì bá sì máa dà á sórí ẹ̀dà tí mo ti ń ṣe láti alẹ́. Ara mi gbọ̀n. Láti òru ọjọ́ yẹn, orúkọ tó wà lábẹ́ /dev/disk/by-id nìkan ni mò ń lò, torí inú rẹ̀ ni nọ́ńbà ara díìsìkì wà, kì í yí pa dà.

Èyí tó kù ni àwọn irọ́ tó ti wọ inú máàpù. Àṣàyàn `-A` ló wà fún ìyẹn: gbogbo ibi tó sá fò láìtíì gé e ní etí, ó sọ wọ́n di èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Mo fi í kún àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló parí ìrìn àkọ́kọ́. Mo yọ `-n` kúrò kó lè lọ sí àwọn ibi tó le, mo tún mú un láti ẹ̀yìn wá síwájú pẹ̀lú `-R`, torí nígbà míì ibi tí orí kò lè wọ̀ láti apá kan, ó lè wọ̀ ọ́ láti apá kejì. Títí di alẹ́ Ọjọ́rú, ìwọ̀n 7 MB péré ló ṣẹ́ kù nínú odindi 1 TB. Mo lè sọ fún un pé kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, mẹ́wàá sí i. Mo ro ó, mo sì pa á. Ìwọ̀nba owó tó kù lápò yẹn, mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ti àwọn tó ní yàrá aláìléruku. Mo yọ díìsìkì náà, mo fi pépà tẹ̀ ẹ́ lára: MÁ TÀN ÁN.

Láti ibí, orí ẹ̀dà ni gbogbo iṣẹ́, mo sì ṣí i lọ́nà kíkà nìkan. Fọ́tò wà ńbẹ̀. Mo wá fódà iṣẹ́ ìwádìí, mi ò rí i. Kì í ṣe pé ó ṣófo, kò sí i rárá, bí ẹni pé kò fìgbà kankan wà. Àǹtí mi dúró lẹ́yìn mi. Wọn ò sọ̀rọ̀.

Mo pa dà síbi gbòǹgbò, mo sì rí fódà kan tí Windows máa ń fi pamọ́ lójú èèyàn, àmọ́ tí Linux kì í fi pamọ́: found.000. Iṣẹ́ chkdsk ni. Ojú ibi tí àkójọ orúkọ inú fódà wọn wà ló bàjẹ́, chkdsk kò lè kà á, ó bá já a dànù, àwọn fáìlì inú rẹ̀ sì di ọmọ òrukàn. Ó kó wọn jọ sínú found.000, ó sọ fódà náà ní dir0003.chk. Mo ṣí i. Orí kìíní, orí kejì, orí kẹta, ìwé ìbéèrè, tábìlì, gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ wọn.

"Áà!" Ohun tí Àǹtí mi sọ nìyẹn, wọ́n sì jókòó.

Mi ò tíì jẹ́ kí inú wọn dùn tán. Fáìlì wà o, àmọ́ ẹ̀dà yìí ní ihò 7 MB nínú, ihò kì í sì í kéde ara rẹ̀. Fáìlì á ní orúkọ, á ní ìwọ̀n tó pé, ìgbà tí èèyàn bá ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ló máa mọ̀. ddrescue ní ọgbọ́n kan fún èyí tí mo rò pé àwọn èèyàn ò lò tó: ó lè pa dà sórí ẹ̀dà, kó kọ ọ̀rọ̀ tí o bá fún un sínú àwọn ihò nìkan. Mo fún un ní IHO-WA-NIBI. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí grep wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú gbogbo fáìlì. Ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì kó 31 jáde. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní sunkún lórí wọn. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti Àǹtí mi: fọ́tò mẹ́jọ, àti orí kẹrin.

Wọ́n á ní fáìlì tó ṣe kókó jù ló máa ń bàjẹ́. Irọ́ ni. Àwọn yòókù bàjẹ́ náà, a ò kàn wá wọn ni.

Mo ṣí ọ̀kan nínú fọ́tò náà. Ọmọ wọn ni, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù tuntun, ó rẹ́rìn-ín. Láti orí dé igbá àyà, ó mọ́ kedere. Ìlà kan já gbọọrọ kọjá, láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ó di eérú, kò sí ọwọ́, kò sí bàtà. Bí fọ́tò JPEG ṣe máa ń ṣe nìyẹn, òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí ihò bá bá a, ibẹ̀ ni yóò dúró. Mo béèrè bóyá kí n pa á rẹ́. "Pa kí ni rẹ́?" Wọ́n gba máòsì lọ́wọ́ mi.

Ó ku orí kẹrin. Fáìlì docx tí Word ń kọ jẹ́ àpò zip, inú àpò náà ni ọ̀rọ̀ wà, ní fífún pọ̀. Mo tú àpò náà tipátipá, mo rí ojú ìwé 19 gbà nínú 34, ìyókù di wúruwùru lẹ́yìn ihò náà. Mo rántí nǹkan kan nígbà yẹn. Tí èèyàn bá ń fi iṣẹ́ pamọ́ nínú Word, kì í tẹ tuntun mọ́ orí ògbólógbòó. Ńṣe ló máa kọ odindi fáìlì mìíràn, tó bá parí, á fún un ní orúkọ ti tẹ́lẹ̀, á sì ju ògbólógbòó nù. Lórí díìsìkì aláwo tó ń yí bí èyí, èyí tó jù nù kì í lọ síbì kankan àfìgbà tí nǹkan míì bá bọ́ sórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí Àǹtí mi tẹ Ctrl+S, wọ́n ń fọ́n orí kẹrin káàkiri ibi tó ṣófo láìmọ̀.

Mo ní kí PhotoRec, ti Christophe Grenier, fọ ibi tó ṣófo yẹn, docx nìkan ni kó wá. Ó kó 163 jáde. Wọn ò lórúkọ, f381745408 àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣíṣí wọn níkọ̀ọ̀kan á rẹni, àmọ́ inú docx kọ̀ọ̀kan ni fáìlì kékeré kan wà, docProps/core.xml, tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn àti iye ìgbà tí wọ́n ti fi í pamọ́. Mo kọ ìlà mẹ́rin péré tó ka ìyẹn jáde láti inú gbogbo wọn. Mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ orí kẹrin. Èyí tó tuntun jù nínú wọn, wọ́n ti fi í pamọ́ ní ìgbà 214, ti alẹ́ Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì tí kọ̀ǹpútà fi dákú. Èyí tó ní ihò ni ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo ṣí ti 214. Ó là gbalaja, ojú ìwé 33.

Àǹtí mi fà á lọ sísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ń ka ìparí rẹ̀ lábẹ́ ètè. "Ìpínrọ̀ méjì ni mo kọ kún un lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo ṣì rántí wọn."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dà á síbì mẹ́ta ná."

"Dà á síbì mẹ́ta." Ọwọ́ wọn ti wà lórí kíbọọ̀dù.